Ìbọn Tí Kì í Pa Ẹran: Ìtàn Àwòrán Ẹranko Asáré Létí Omi

Ọdẹ àti ayàwòrán ẹranko, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe títí ó fi ku ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn méjèèjì a máa jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n a máa wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí òórùn ara wọn má baà ta sí ẹran nímú. Wọ́n a máa wá ipa ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀, wọ́n a sì ba síbi tí ẹran ń gbà lọ mumi. Ìgbà tí ìka bá kan ohun tí ó yẹ kí ó tẹ̀ ni ọ̀nà wọn tó pín: ọ̀kan á gbé ẹran lọ sílé, èkejì á gbé àwòrán rẹ̀ lọ, ẹran náà á sì máa bá tirẹ̀ lọ nínú igbó.

Ìfarajọra yìí ní ìtàn tirẹ̀. Bí a bá tọ ipasẹ̀ bí ọmọ ènìyàn ṣe kọ́ láti ya àwòrán ẹranko tí ń sáré tàbí tí ń fò, a ó rí i pé láti ọwọ́ ọdẹ ni apá tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìmọ̀ náà ti wá, àti pé etí adágún omi kan ni ó ti fìdí múlẹ̀. Mo fẹ́ sọ ìtàn náà fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ó kan àwa tí a ń gbé ní agbègbè Tchaourou, láàárín odò Ouémé àti odò Okpara, ju bí a ti rò lọ.

Nígbà tí kámẹ́rà kò lè rí ohun tí ń rìn

Ní ọdún 1839 ni wọ́n kéde iṣẹ́ Louis Daguerre ní Paris, tí ìjọba ilẹ̀ Faransé sì fi ìmọ̀ náà ta gbogbo ayé lọ́rẹ. Ẹnu ya àwọn ènìyàn. Oòrùn fúnra rẹ̀ ni ó ń ya àwòrán lórí irin tí wọ́n fi fàdákà bò! Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà lára iṣẹ́ ìyanu náà: ó lọ́ra. Ohun tí a bá fẹ́ yà gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ìmọ́lẹ̀ tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Àwòrán kan tí Daguerre yà ní nǹkan bí ọdún 1838, tí ó fi òpópónà Boulevard du Temple hàn, ni ẹ̀rí tí ó dára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òpópónà tí èrò àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin máa ń kún ni. Síbẹ̀, nínú àwòrán náà, ó dà bí ìlú tí ogun ti lé gbogbo ará ibẹ̀ jáde. Ẹni tí a rí kedere ni ọkùnrin kan tí ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n bá a nu bàtà rẹ̀. Gbogbo àwọn tí ó ń rìn kọjá ti pòórá, nítorí pé wọn kò dúró pẹ́ tó kí kámẹ́rà tó mọ̀ pé wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹranko. Bí kámẹ́rà ìgbà náà kò bá lè rí ẹṣin tí ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín ìgboro, báwo ni yóò ṣe rí àgbọ̀nrín tí ó ta kìtì, tàbí ẹyẹ tí ó já wálẹ̀ sínú omi? Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹran tí ó ti kú, tí wọ́n kó nǹkan sínú awọ rẹ̀ tí wọ́n sì gbé e dúró, ni ó pọ̀ nínú àwòrán ẹranko ìgbà àkọ́kọ́. Ẹran náà ní láti kú kí ó tó lè ní àwòrán.

Ohun méjì ni ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Èkíní, ní ọdún 1871, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Richard Leach Maddox fi hàn pé a lè fi gélatine po èròjà fàdákà sórí àwo dígí, kí ó gbẹ, kí a sì tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tí a bá fẹ́ lò ó. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn mìíràn tún iṣẹ́ náà ṣe títí àwo gbígbẹ fi yára ju àwo tútù tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Èkejì ni pé wọ́n wá ọgbọ́n láti ṣí ojú kámẹ́rà kí wọ́n sì tì í pa kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Eadweard Muybridge ni ó kọ́kọ́ fi ọgbọ́n kejì yìí ṣe ohun tí gbogbo ayé sọ̀rọ̀ rẹ̀. Olówó kan ní Kalifóníà, Leland Stanford, fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹṣin máa ń kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ó bá ń sáré. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1878, Muybridge to kámẹ́rà 12 sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà eré, ó sì ta okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá ojú ọ̀nà náà. Bí ẹṣin ti ń sáré lọ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fa okùn kọ̀ọ̀kan, tí okùn sì ń ṣí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn jáde: bẹ́ẹ̀ ni, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a máa kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá kó jọ sábẹ́ ikùn ni, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá nà síwájú àti sẹ́yìn bí àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń yà á láti ọ̀pọ̀ ọdún wá.

Ẹ fi okùn yẹn sọ́kàn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí bí ọmọ abúlé wa ṣe ń dẹ tàkúté yóò dá a mọ̀: okùn lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ ẹran lórí okùn, ohun tí ó wà ní ìkángun okùn yóò sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ìbọn Marey

Ní ilẹ̀ Faransé, Étienne-Jules Marey, tí a bí ní Beaune ní ọdún 1830, ti ń ṣèwádìí tipẹ́ lórí bí ara ẹ̀dá ṣe ń gbéra. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní Collège de France. Ẹyẹ ni ó wù ú jù. Ó rí iṣẹ́ Muybridge, ó sì yìn ín, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé a kò lè ta okùn sí ojú ọ̀run. Ẹyẹ kò ní ọ̀nà kan pàtó tí yóò gbà kọjá níwájú kámẹ́rà 12. Kámẹ́rà ni ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ẹyẹ.

Ní ọdún 1882, ó ṣe ohun èlò kan tí ó pè ní fusil photographique, ìyẹn ìbọn ayàwòrán. Ó ní ìdí ìbọn tí a ń gbé lé èjìká, ó ní ọ̀pá, ó sì ní ohun tí ìka ń fà. Nínú ọ̀pá náà ni dígí kámẹ́rà wà. Nínú àgbá róbótó tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni àwo tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lé lórí ń yí. Bí ó bá ti fa ìka, ìbọn náà a ya àwòrán 12 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì gbà ju ìdá kan nínú 720 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ní Nápólì, ní orílẹ̀-èdè Ítálì, ni ó ti dán an wò lára àwọn ẹyẹ etí òkun. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé àwọn ará àdúgbò Posillipo pè é ní òmùgọ̀, nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí i tí ó ń na ìbọn sí ẹyẹ, tí kò sì pa ẹyọ kan.

Ní ọdún 1890, Marey tẹ ìwé Le Vol des oiseaux jáde, níbi tí ó ti fi àwòrán àti ìṣirò ṣàlàyé bí ìyẹ́ ṣe ń gbé ẹyẹ sókè. Ìwé náà wà lára ohun tí àwọn tí ó fẹ́ kan ọkọ̀ òfúrufú kà. Àwọn tí ó ń lo èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pe yíya àwòrán àti yíyìn ìbọn títí di òní. Èdè Yorùbá ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀: a ń yin ìbọn, a ń ya àwòrán. Bóyá èdè wa ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé iṣẹ́ méjèèjì kò ní parí síbì kan náà.

Adágún Whitefish

Ìbọn Marey nílò oòrùn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹran ìgbẹ́ kì í jáde wá mumi nígbà tí oòrùn bá ń ràn. Òru ni tiwọn. Ẹni tí ó wá ojútùú sí èyí ni George Shiras, agbẹjọ́rò ará Pennsylvania tí a bí ní ọdún 1859. Láti ìgbà ọmọdé ni ó ti ń lọ ṣọdẹ létí adágún Whitefish, ní àríwá ìpínlẹ̀ Michigan, ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni ó ti mọ ọgbọ́n ọdẹ kan tí àwọn Ojibwe, onílẹ̀ àgbègbè náà, ti ń lò kí àwọn òyìnbó tó dé. Wọ́n a gbé iná síwájú ọkọ̀ àjẹ̀, wọ́n a sì máa tukọ̀ lọ láìpariwo lórí omi lóru. Ẹran tí ó wá mumi, tàbí tí ó wá jẹ ewéko inú omi, a gbójú sókè, a tẹjú mọ́ iná náà, kò sì ní í sá. Ojú rẹ̀ a máa tàn nínú òkùnkùn bí ẹyin iná méjì. Láàárín ẹyin iná méjì yẹn ni ọdẹ máa ń yìnbọn sí.

Ǹjẹ́ ọdẹ wo ní ilẹ̀ Yorùbá, ní ilẹ̀ Bàríbá, ni kò mọ èyí? Iná tí a so mọ́ iwájú orí ni tiwa, yálà àtùpà kábáìdì ti ayé àtijọ́ tàbí tọ́ọ̀ṣì ti òde òní. Awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú ọ̀pọ̀ ẹran òru tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bí dígí. Òun ni ó ń mú kí ojú wọn tàn. Ọdẹ tí ó mọṣẹ́ kò wulẹ̀ rí iná méjì. Ó ń wo bí wọ́n ti ga tó sí ilẹ̀, bí wọ́n ti jìnnà sí ara wọn tó, àwọ̀ wọn, àti bí wọ́n ti ń rìn. Ojú ọ̀nì a máa pọ́n lójú omi. Ojú ẹtu yàtọ̀ sí tirẹ̀. Àwọn baba wa ti ń ka ìmọ́lẹ̀ bí ìwé kí ilé ìwé tó dé.

Láti ọdún 1889 ni Shiras ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà rọ́pò ìbọn. Ó gbé kámẹ́rà síbi tí ìbọn ń wà, ó sì ń jó ẹ̀tù magnésium dípò ẹ̀tù ìbọn. Bí ọkọ̀ bá ti sún mọ́ ẹran tó, ẹ̀tù náà a bú gbàù, gbogbo etí adágún a mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán fún ìgbà díẹ̀ péré, àwòrán a sì ti wọlé. John Hammer ni olùrànlọ́wọ́ tí ó ń bá a wà nínú ọkọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ẹran tí ó dúró tí ó ń wo iná ni èyí mú. Ẹran tí ń sáré ńkọ́? Ìdáhùn Shiras rọrùn, ó sì lọ́gbọ́n nínú: ó lo kámẹ́rà méjì àti ìmọ́lẹ̀ méjì. Ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ń dẹ́rù ba ẹran náà. Bí ó bá ti fò sókè láti sá, ìmọ́lẹ̀ kejì á mú un lójú òfúrufú. Ó tún ta okùn sí ọ̀nà tí ẹran ń gbà lọ sí omi, kí ẹran fúnra rẹ̀ lè tẹ kámẹ́rà. Tàkúté ni èyí pátápátá, àfi pé kò di ẹnikẹ́ni mú. Ọmọ rẹ̀ ni kámẹ́rà aláìfọwọ́kàn tí àwọn onímọ̀ ń so mọ́ igi nínú igbó lónìí, tí ooru ara ẹran tí ó ń kọjá ń tan.

Ní ọdún 1900, níbi Exposition Universelle ní Paris, àwòrán òru Shiras gba ẹ̀bùn wúrà. Ní oṣù Keje ọdún 1906, ìwé ìròyìn National Geographic tẹ 74 nínú wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Méjì nínú àwọn ìgbìmọ̀ tí ń darí ìwé ìròyìn náà fi ipò sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ti sọ ìwé ìmọ̀ di ìwé àwòrán. Ẹ̀yin òǹkàwé mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti parí: àwòrán ni gbogbo ayé fi mọ ìwé ìròyìn yẹn lónìí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Shiras fúnra rẹ̀. Bí ó ti ń ba ní etí omi láti wo ẹran láìpa á, ojú tí ó fi ń wo ẹran yí padà. Nígbà tí ó wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, ní ọdún 1904, ó gbé àbá òfin kan wá pé kí ìjọba àpapọ̀ dáàbò bo àwọn ẹyẹ tí ń ṣí kiri. Àbá náà kò kọjá lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n irúgbìn ni. Òfin ńlá lórí àwọn ẹyẹ wọ̀nyí jáde ní ọdún 1918.

Ní ilẹ̀ wa, ta ni ó mú kámẹ́rà dání?

Nígbà tí Paris ń fi wúrà dá Shiras lọ́lá ní ọdún 1900, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún náà, àwọn ìjọba Yúróòpù tí ó ń ṣàkóso ilẹ̀ Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn lórí ìtọ́jú ẹranko ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n to ẹranko sí ìsọ̀rí: èyí tí a kò gbọ́dọ̀ pa, èyí tí a lè pa díẹ̀, èyí tí a lè pa bí ó bá ti wù wá. Kìnnìún, ẹkùn àti ọ̀nì wà nínú èyí tí wọ́n fẹ́ dín kù. Ọba kan tàbí olórí ọdẹ kan láti ilẹ̀ Áfíríkà kò sí nídìí tábìlì náà. Àdéhùn yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n èrò inú rẹ̀ kò kú: ọdẹ òyìnbó tí ó ní ìwé àṣẹ ń ṣeré ìdárayá, ọdẹ abúlé tí ó ń wá ohun tí ọmọ rẹ̀ yóò jẹ di arúfin.

Ọ̀nà kan náà ni kámẹ́rà gbà wọlé. Ní ọdún 1905, ọmọ Jámánì kan, Carl Georg Schillings, tẹ ìwé kan jáde tí àkọlé rẹ̀ pa ìmọ́lẹ̀ àti ìbọn pọ̀. Ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tansaníà lónìí ni ó ti ya àwòrán kìnnìún àti ẹranko mìíràn lóru, nígbà tí wọ́n wá síbi omi tàbí síbi ẹran ọ̀sìn tí ó so mọ́lẹ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ aláàárù ni ó ru dígí, ẹ̀tù àti kámẹ́rà rẹ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ni ó mọ ibi tí omi wà. Orúkọ Schillings ni ó wà lára ìwé.

Ní Dahomey tiwa, ní ọdún 1930, Bàbá Francis Aupiais, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì, àti ayàwòrán Frédéric Gadmer ṣiṣẹ́ ńlá fún Albert Kahn, olówó ará Faransé tí ó fẹ́ kó àwòrán gbogbo ayé jọ. Wọ́n ya àwòrán aláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní autochrome. Ohun iyebíye ni àwọn àwòrán wọ̀nyí fún òpìtàn. Ṣùgbọ́n autochrome lọ́ra gan-an. Ó fẹ́ kí ohun tí a ń yà dúró jẹ́ẹ́, bí ti ayé Daguerre. Nítorí náà, àwọ̀ aṣọ àwọn baba ńlá wa wà níbẹ̀, ìdúró wọn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹranko asáré ilẹ̀ wa kò lè sí nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé àwọn baba wa kò ní ọ̀nà láti mú ẹranko tí ń sáré dúró. Ìjálá ni kámẹ́rà wọn. Nínú oríkì ẹranko tí àwọn ọdẹ ń sun, wọn a máa sọ bí ẹfọ̀n ṣe ń gbé orí, bí ẹtu ṣe ń gbé ẹsẹ̀, bí erin ṣe ń la igbó kọjá. Ẹni tí kò tíì rí ẹran náà rí yóò dá a mọ̀ lọ́jọ́ tí ó bá pàdé rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ohùn ni wọ́n fi pamọ́ sí, ohùn a sì máa bá olóhùn lọ.

Mare Bali

Ibi tí gbogbo okùn ìtàn yìí ti so pọ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni Pendjari, ní Atacora. Ní ọdún 1954 ni ìjọba amúnisìn sọ ọ́ di ilẹ̀ ìtọ́jú ẹranko. Ní ọdún 1961, lẹ́yìn òmìnira, ó di ọgbà ẹranko ti orílẹ̀-èdè. UNESCO fi kún àwọn ilẹ̀ tí ó ń pè ní réserve de biosphère ní ọdún 1986, ó sì di ara ogún gbogbo ayé ní ọdún 2017, pẹ̀lú W àti Arly.

Nínú ọgbà yìí ni adágún kan wà tí ń jẹ́ Mare Bali. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá ti gbẹ níbi púpọ̀, ẹran kò ní ibòmíràn láti lọ. Erinmi ń gbé inú rẹ̀, ọ̀nì ń yáàrùn létí rẹ̀; ẹfọ̀n, erin, ìmàdò àti onírúurú àgbọ̀nrín ń wá mumi. Ilé ìṣọ́ kan wà níbẹ̀ tí àlejò lè jókòó sí láti wo wọn. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àtíbàbà tí ọdẹ ń gùn sórí igi: jókòó, dákẹ́, jẹ́ kí òùngbẹ mú ẹran wá bá ọ.

Níbẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ ti lo kámẹ́rà aláìfọwọ́kàn láti wá kìnnìún àti ẹranko tí àwọn Faransé ń pè ní guépard, tí eré rẹ̀ ju ti gbogbo ẹran orí ilẹ̀ lọ. Guépard ti ṣọ̀wọ́n débi pé ojú ènìyàn kì í sábà bá a pàdé ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àwòrán ni ẹ̀rí pé ó ṣì wà. Bí kò bá sí àwòrán, ẹnikẹ́ni lè sọ pé ó ti tán, kò sì sí ẹni tí yóò lè jiyàn.

Ìtàn Pendjari kò dùn látòkè délẹ̀. Àwọn abúlé tí ó yí i ká pàdánù ilẹ̀ ọdẹ àti ilẹ̀ oko nígbà tí ọgbà náà dé. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó dá ẹgbẹ́ àwọn ará abúlé tí ń jẹ́ AVIGREF sílẹ̀, kí àwọn tí ó ń gbé etí ọgbà lè ní ìpín nínú èrè rẹ̀ àti ohùn nínú ìtọ́jú rẹ̀. Nínú àwọn tí ń ṣamọ̀nà àlejò àti àwọn tí ń ṣọ́ ọgbà, àwọn kan wà tí ó ti jẹ́ ọdẹ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó mọ ibi tí ẹran ń sùn ni ó mọ bí a ti ń ṣọ́ ọ.

Láti òpin ọdún 2021, ìkọlù àwọn agbébọn ti dé àgbègbè Pendjari àti W. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà W pàdánù ẹ̀mí wọn lẹ́nu iṣẹ́. Fún akẹ́kọ̀ọ́ Tchaourou tàbí Parakou tí ó ń fojú inú wò ó pé òun yóò lọ wo erin lọ́jọ́ kan, ọ̀nà ti há. Èyí ni ó mú mi dé orí ohun tí ó wà lẹ́bàá ilé wa.

Omi tí ó wà nítòsí

Ní Kpassa, nínú kọ́múùnù Tchaourou, ni omi odò Okpara tí wọ́n sé wà, èyí tí ìlú Parakou ń mu. Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n sí omi ẹ̀rọ lásán. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí omi bá dúró tì ní ilẹ̀ gbígbẹ, ẹyẹ á wá. Ní ìhà kejì, igbó ìjọba ti Ouémé Supérieur àti ti Toui-Kilibo kò jìnnà sí wa. A kò ní Mare Bali, ṣùgbọ́n a ní omi, a ní ẹyẹ, a sì ní ọdẹ. Ohun mẹ́ta tí Shiras ní nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní fóònù tàbí kámẹ́rà kékeré lè bẹ̀rẹ̀ lára lékeelékèé. Kí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ pín sí méjì. Ẹni tí ó ń wá ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin gbọ́dọ̀ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa ti ọ̀dọ̀ ẹran fẹ́ wá bá òun, bí gbogbo ọdẹ ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹ a máa kọjú sí afẹ́fẹ́ nígbà tí ó bá ń gbéra àti nígbà tí ó bá ń bà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ rí ojú rẹ̀ nínú àwòrán, kí ó kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, kí oòrùn òwúrọ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí kámẹ́rà bá gbà á láyè, ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá lè tó fún ẹran tí ń sáré níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ẹyẹ tí ń fò fẹ́ ìdá kan nínú 1000 tàbí 2000. Kí ó máa fi ojú kámẹ́rà tẹ̀ lé ẹyẹ náà kí ó tó tẹ̀ ẹ́, kí ó má sì dúró lójijì bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́ tán. Bí Marey ti ń ṣe ní Nápólì nìyẹn.

Àwọn àgbà wa ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí ẹran bá ń sá, nǹkan ní ń lé e. Ayàwòrán kò gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan náà. Ẹyẹ tí a lé kúrò lórí ẹyin rẹ̀ nítorí fọ́tò, oòrùn lè pa ẹyin náà kí ó tó padà. Ọgbọ́n Shiras tí ń dẹ́rù ba ẹran kí ó lè fò, ti ìgbà tirẹ̀ ni. Kámẹ́rà òde òní kò nílò rẹ̀ mọ́. Sùúrù ni kí a fi rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí ó wà nínú ewu ju fọ́tò dáradára lọ. Àwọn àgbà ní àwọn abúlé wa ń dárúkọ ẹranko tí wọ́n rí létí omi nígbà èwe wọn. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ kò mọ ju orúkọ lọ, àwọn mìíràn kò sì mọ orúkọ pàápàá. Èyí tí ó bá lọ nínú àwọn ẹ̀dá omi Okpara láàárín ogún ọdún sí ìsinsìnyí, láìsí àwòrán, láìsí àkọsílẹ̀, yóò dà bí àwọn ènìyàn tí ń rìn lójú òpópónà Daguerre: wọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ẹ̀rí yóò rò pé ibẹ̀ ṣófo.

Nítorí náà, àbá mi fún ẹgbẹ́ wa kò le. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá ya àwòrán ẹranko tàbí ẹyẹ kan kọ nǹkan márùn-ún sábẹ́ rẹ̀. Kí ó kọ ọjọ́. Kí ó kọ ibi. Kí ó kọ ohun tí ẹran náà ń ṣe. Kí ó kọ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá bí a ti ń sọ ọ́ níhìn-ín, ní èdè Bàríbá, ní èdè Fúlàní àti ní Faransé, kí ó sì lọ bi àgbà léèrè bí kò bá mọ̀ ọ́n. Ìkarùn-ún ni èyí tí àwọn Ojibwe etí adágún Whitefish kì í sábà rí gbà nínú ìtàn, tí àwọn aláàárù Schillings náà kì í sì í rí gbà: kí ó kọ orúkọ ọdẹ tí ó fi ọ̀nà hàn án, bí ọdẹ náà bá fọwọ́ sí i.